Bí Ariwo Ṣe Ń Wọ Etí Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù, àti Bí A Ṣe Lè Bá A Dín In Kù

Ẹ dúró sí Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ ń darí relé. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè, agbèrò ń pe èrò Sábó, sípíkà ẹni tó ń polówó oògùn ń ké tantan, jẹnẹrétọ̀ ń kù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, bí ọ̀rẹ́ yín bá bá yín sọ̀rọ̀ láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni ọpọlọ yín ń ṣe: ó ń fa ohùn ọ̀rẹ́ yín yọ, ó ń ti ìyókù sẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà tó ń kan bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá ènìyàn ṣe, ìyókù yẹn kì í lọ sẹ́yìn. Fèrè ọ̀kadà, ohùn ìyá, jẹnẹrétọ̀ àti ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún lódìkejì títì ló ń wọlé pọ̀, tí kò sí èyí tó yà fún ìkejì.

Òbí ni mò ń kọ èyí fún, àti olùkọ́, àti àwọn ìyá àgbà tó ń bá wa wo ọmọ. Ibi tí ọmọ wà la máa kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bí àwa àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ: wọ́n á ní kó fara dà á, wọ́n á nà án nítorí pé ó di etí níwájú àlejò, nígbà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò ló yẹ kí wọ́n pa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Ohùn máa ń gba ihò etí wọlé, á mi awọ etí, àwọn egungun kéékèèké mẹ́ta á gbé e dé apá inú etí tó ká kóńkó bí ìkarahun ìgbín. Níbẹ̀ ni ohùn ti ń di ìránṣẹ́ tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, kò sí àbùkù kankan títí dé ibí yìí. Bí wọ́n bá yẹ etí wọn wò nínú yàrá tó dákẹ́, wọ́n á gbọ́ gbogbo ohùn tí wọ́n bá fi dán wọn wò. Ibi tí ọpọlọ ti ní láti ṣa ohùn kan láàárín ogún ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ariwo ọjà kì í lọ gbọọrọ. Ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀. Ní ìpajúpẹ́ tó bá rẹlẹ̀, àwa tó kù máa ń já díẹ̀ gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀, a ó sì fi òye dí èyí tó bọ́. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge fi èyí dán àwọn tó ní ọ́tísíìmù wò, àwọn tí etí wọn gbọ́ràn dáadáa. Nínú ariwo tó ní àlàfo bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ láti mú ọ̀rọ̀ nínú àlàfo náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó sọ ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pa nínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ tó ń kù lọ́nà jíjìn lè máà dí ọmọ lọ́wọ́ tó ohùn àwọn tó ń jiyàn lórí rédíò.

Kì í ṣe pé ọmọ kò gbọ́ tó. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní University College London rí i pé àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù ń gbọ́ ju iye ohùn tí àwọn yòókù lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ẹ ti rí ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun ti dé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Agbára ni. Àmọ́ nínú ariwo, agbára kan náà ló ń kó ẹrù bá a.

Ọ̀rọ̀ ìfojúsọ́nà tún wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bi òbí pé, òun fúnra rẹ̀ ń pariwo látàárọ̀, kí ló dé tó ń di etí nígbà tí ẹlòmíràn bá pariwo? Ìdí ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn tirẹ̀ ń bọ̀, ó mọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó máa parí. Ohùn tó já lù ú láìròtẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú àwa tó kù, ohùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe á di ohun tí a ò kà sí mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, ìgbà kẹwàá lè gún etí bí ìgbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oríkunkun ni, tàbí pé nǹkan kan ló ń ṣe é láti ayé, ẹ má gbà. Láti 2013 ni ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀ ti ka ìhà tí ọmọ ń kọ sí ohùn mọ́ ara àwọn àmì rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sá fún ariwo. Àwọn kan ń wá a: wọ́n á gbé etí lé sípíkà, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìyẹn náà fẹ́ àbójútó, nítorí ariwo ń ba etí jẹ́ bó tilẹ̀ ń dùn mọ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ etí wò

Kí ẹ tó gbà pé ọ́tísíìmù ni kò jẹ́ kó dáhùn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ní Ifẹ̀, OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Ìdọ̀tí etí tó di, tàbí omi tó dúró sẹ́yìn awọ etí lẹ́yìn òfìnkìn tó pẹ́, lè dín ìgbọ́ràn kù, ó sì ní ìwòsàn. Bí ọmọ kò bá lè jókòó kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn, ẹ béèrè nípa irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Ẹ ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì ṣáájú pé ọmọ yín kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan etí òun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, ohùn, àti ohun tí ọmọ ṣe. Ó lè rí báyìí:

Mọ́ńdè, àárọ̀, ilé ìdáná. Bẹ̀lẹ́ńdà. Ó di etí, ó sá wọ yàrá, ó padà wá nígbà tí a pa á.

Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ ṣubú, ó sunkún. Òun náà bú sẹ́kún, ó fẹ́ bò ó lẹ́nu. Kò sùn ọ̀sán.

Tọ́sìdeè, òjò lórí páànù. Kò sunkún. Mo pè é, kò dáhùn títí òjò fi dá.

Ẹ wo ìlà kejì. Ẹkún àbúrò rẹ̀ nìkan kọ́ ló fa ìyẹn. Ariwo ń ṣù jọ: iléèwé látàárọ̀, ọ̀kadà, àìsùn, ebi. Ohun tó fara dà láàárọ̀ lè bì í ṣubú nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé yín pé wàhálà ń pọ̀ lẹ́yìn iléèwé, ẹ jẹ́ kó ní wákàtí kan tó dákẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà tàbí kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ilé tó dé.

Ẹ kọ ibi tó dára náà. Ibi tí ọmọ ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, níbo ni, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀, kí ni ò dún níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún ilé ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohùn ènìyàn tí kò wúlò: tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fídíò fóònù tó ń sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ẹ pa wọ́n nígbà oúnjẹ àti nígbà iṣẹ́ àṣetiléwá. Owó kankan ò jáde.

Jẹnẹrétọ̀ yẹ kó jìnnà sí fèrèsé ọmọ. Èéfín rẹ̀ tó ń pani láìní òórùn ti tó ìdí fún ìyẹn kí a tó dé orí ariwo. Bí ilé kò bá ní àjà, páànù níhòòhò ló wà lókè, òjò á máa dún bí ẹni ń da òkúta. Àjà ló dára jù tí owó bá wà. Tí kò bá sí, ẹ gbé ibùsùn ọmọ lọ sí yàrá tó bá ní àjà, bí ọ̀kan bá wà. Ògiri lásán àti ilẹ̀ símẹ́ńtì ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á máa kọlu ara wọn. Kọ́tìnnì tó nípọn, ẹní, rọ́ọ̀gì, àga onítìmùtìmù, gbogbo wọn ló ń gba ìró mì.

Ní ti ohùn tí ẹ ò lè yẹra fún, ẹ sọ fún un ṣáájú. “Mo fẹ́ lọ ata. Ó máa dún. Ó máa tán.” Kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì bẹ̀lẹ́ńdà bó bá fẹ́. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìfojúsọ́nà: ohùn tí òun fúnra rẹ̀ tàn tó sì lè pa kì í já lù ú. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí ó ń fi agbára sọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ilé, ẹ fi ẹní tàbí tìmùtìmù sí i, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Igun ìsinmi ni. Ẹ má fi jẹ ẹ́ níyà láé, kó má baà di ibi tó ń bẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́, torí pé nínú ilé Yorùbá, láti yàrá kejì la ti ń pe ọmọ. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ọmọ wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. “Dámilọ́lá! Dámilọ́lá o! Ṣé o ò gbọ́ pé mò ń pè ọ́ ni? Wá gbé bàtà rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí o sì bá mi mú omi wá, àǹtí rẹ fẹ́ wẹ̀!” Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ já orúkọ rẹ̀ gbà, iṣẹ́ méjì àti ìbéèrè kan ló tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ sì gba inú ariwo kọjá. Kò dáhùn. Ìyá tún gbóhùn sókè. Nígbà kẹta, ìbínú ló ń gbọ́, ọ̀rọ̀ ti pòórá.

Ẹ gbìyànjú èyí dípò rẹ̀. Ẹ rìn lọ bá a. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ dúró síbi tó ti lè rí yín, ẹ má fipá mú un pé kó wo ojú yín, nítorí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wíwo ojú àti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ iṣẹ́ méjì. Àìwojú àgbà kì í ṣe àfojúdi níbí. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sinmi. “Dámilọ́lá. Gbé bàtà.” Ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí bàtà.

Ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú yín. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ṣòro jù fún wa, torí pé ẹnu ń yún wa láti tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ tún sọ lọ́nà mìíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun tí ọpọlọ ọmọ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa tún un sọ, kí ẹ lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin bá ń bá a sọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo mìíràn lẹ ti dá sílẹ̀.

Ẹ má ké. Ohùn tí a gbé sókè jù ń kó ìbẹ̀rù wọlé. Sísúnmọ́ ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ tí a rò pé igbe ń ṣe. Níbi tí ariwo bá ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ẹ lo àwòrán tàbí ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn: ẹ gbé ife hàn án fún omi, bàtà fún ìjáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun ìbotí

Ohun ìbotí bíi tàwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi máa ń ṣèrànwọ́ gan-an, ẹ wá èyí tó bá orí ọmọ mu. Ẹ kọ́kọ́ lò ó nínú ilé tó dákẹ́, fún ìgbà díẹ̀, kó mọ̀ ọ́n lára. Kó tó di ọjọ́ òde ni kó ti jẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó má wọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Etí tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ ní gbogbo ìgbà lè túbọ̀ máa ka ohùn kékeré sí ńlá. Ẹ fi í sí ibi tí ariwo ti pọ̀, ẹ bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ẹ má ki òwú tàbí ohunkóhun bọ inú ihò etí ọmọ kékeré. Tó bá sì jẹ́ hẹ́dífóònù olórin ló ń lò, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún ọmọdé ni kó má kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 75 (dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ní ṣókí, bí ẹ bá gbọ́ orin náà níbi tí ẹ dúró sí, ó ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ bá ń jáde

Ọjà Odò-Ogbè láàárọ̀ kùtùkùtù kì í ṣe Odò-Ogbè ọ̀sán gangan. Ẹ lọ ní kùtù, kí ẹ ra nǹkan méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì kúrò nígbà tí ara ọmọ ṣì balẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ irin, ọlọ́kadà àti ẹ̀rọ ìlọta pọ̀ sí. Bí ẹ bá ní oníbàárà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ lè máa yà síbẹ̀ bí nǹkan bá le.

Ní òde ìnáwó, ibi ìjókòó ló ń pinnu. Ní gbangba ìta, ìgbàkígbà tí ẹ bá sọ jíjìn yín sí sípíkà di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀. Láti mítà 2 bọ́ sí mítà 8, ó ti fi bí 12 dín. Nítorí náà, ẹ má gbà kí wọ́n fi ọmọ yín síwájú nítorí pé ẹbí ìyàwó ni yín. Ẹ jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbájáde, kí sípíkà má kọjú sí yín. Kí ẹ ti kí àwọn àgbà tán kí onílù tàbí olórin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè lọ láìsí ẹ̀sùn.

Ọdún Ọlọ́jọ́ tóbi ju ìyẹn lọ. Ní Ẹnuwá, ìlù, èrò àti igbe máa ń kún ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ rí i, ó lè jẹ́ láti òkè ilé ojúlùmọ̀ kan, pẹ̀lú ohun ìbotí, fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi fídíò ọdún tó kọjá hàn án ní ilé láìgbé ohùn rẹ̀ sókè, kó mọ ohun tó ń bọ̀. Tí ẹ bá sì rò pé ó máa pọ̀ jù fún un, kó dúró sílé pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn. Kò pàdánù Ifẹ̀.

Fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹni tó ń bójú tó sípíkà ni kí ẹ mọ̀ jù.

Ẹ bá ọmọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan, bíi kó fọwọ́ kan etí tàbí kó fún yín ní káàdì pupa, tó túmọ̀ sí “ẹ jẹ́ ká lọ.” Nígbà tó bá lò ó, ẹ lọ. Bí ẹ bá ní “dúró díẹ̀ sí i” lẹ́ẹ̀mejì, kò ní lò ó mọ́, ẹkún ló máa fi sọ ọ́.

Ní iléèwé

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí ohùn olùkọ́ fi dẹ̀síbẹ̀lì 15 ga ju ariwo kíláàsì lọ. Kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, kò lè dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ lè béèrè fún ni ìjókòó iwájú, tó jìnnà sí fèrèsé títì àti ẹnu ọ̀nà, kí olùkọ́ súnmọ́ ọn kó tó fún un níṣẹ́, kí iṣẹ́ náà wà lórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Rọ́bà sílípáàsì tó ti gbó, tí ẹ gé sí ìdí ẹsẹ̀ àga, ń pa ìró tí àga ń dún lórí símẹ́ńtì. Nípa agogo iléèwé, kí àǹtí kíláàsì fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Kó sì gba ọmọ láàyè láti dúró sí ìpẹ̀kun ìlà ní àsẹ́ńbílì.

Bó bá ti kọjá agbára rẹ̀

Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dín ohùn àti ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ má jẹ́ kó wà nínú ewu kankan rárá, ẹ dúró tì í. Ẹni tó bá fẹ́ fún un ní ìwàásù tàbí pàṣán, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kọjá. Ẹ̀kọ́ kankan ò lè wọlé ní àkókò yẹn.

Ohun tí kò yẹ kí owó yín bá lọ

Àwọn kan ń ta ìdálẹ́kọ̀ọ́ etí nípa fífi orin tí wọ́n ti yí padà sínú hẹ́dífóònù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ àwọn ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ jọ ní 2011, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Epo, àgbo tàbí omi tí wọ́n bá ní kí ẹ kán sí etí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọpọlọ, ó sì lè ba etí tó dára jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a gbé ọmọ sí iwájú sípíkà “kó lè mọ́ ọn lára.” Ìbẹ̀rù nìkan ló ń mọ́ wọn lára lọ́nà yẹn.

Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí ń lò. Ẹ fi fóònù gba ohùn tó ń dà á láàmú sílẹ̀, bóyá ẹ̀rọ ìlọta tàbí agogo iléèwé. Nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, tí ó ń ṣeré, ẹ gbé fóònù sí i lọ́wọ́, kí ohùn náà rẹlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Òun ni kó máa gbé e sókè, òun ni kó máa pa á. Bí ó bá gbọ́ ọ fún ìgbà kúkúrú tó sì pa á, ó tó fún ọjọ́ yẹn. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má gbé e sókè ju ibi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e dé.